Ìpẹtà Lábẹ́ Jíìpù Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Tún Irin tí Ó Gbé Ilẹ̀ Ọkọ̀ Ró Ṣe

Gbogbo awakọ̀ tí ó ń gba Ìlọrin kọjá lọ sí gúúsù ìpínlẹ̀ Kwara ni ó mọ Ọ̀fà Garage. Àdúgbò yìí ni ọ̀nà ti gba jáde lọ sí Ajàṣẹ́-Ìpo, níbi tí èrò Ọ̀fà àti èrò Òmù-Àrán ti máa ń pínyà. Ibi tí ọkọ̀ bá ti ń wọlé tí ó sì ń jáde láti àárọ̀ di alẹ́, kò lè ṣe kí mẹkáníìkì, jórinjórin àti àwọn tí ń tún ara ọkọ̀ ṣe má wà nítòsí. Lára iṣẹ́ tí ó máa ń dé ọwọ́ irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àtúnṣe jíìpù àtijọ́: Land Rover, Land Cruiser, Nissan Patrol, àwọn ọkọ̀ tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé àgbẹ̀, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba gba ọ̀nà tí ọkọ̀ kékeré kò lè gbà.

Ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Táyà rẹ̀ lè jẹ́ tuntun, ọ̀dà rẹ̀ sì lè máa dán. Síbẹ̀, bí a bá wọ abẹ́ rẹ̀, a lè rí i pé irin tí ó gbé ilẹ̀ ọkọ̀ náà ró ti di ohun tí a lè fi ìka ọwọ́ rún. Èyí ni ìpẹtà ń ṣe. Ní ìkọ̀kọ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í mọ̀ títí ilẹ̀kùn yóò fi kọ̀ tí kò pa dé mọ́, tàbí títí ìjókòó yóò fi máa mì lábẹ́ awakọ̀.

A kọ àlàyé yìí fún ẹni tí ó ní jíìpù àtijọ́, fún ẹni tí ó fẹ́ rà á, àti fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ jórinjórin. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí gbogbo wọn mú lọ: irin tí ìpẹtà bá ti jẹ kò ní ju àtúnṣe kan lọ. Kí á gé e títí a ó fi kan irin tí ó sàn, kí á sì fi irin mìíràn tí ó nípọn bí ti àkọ́kọ́ rọ́pò rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá dín sí èyí, bíbo àléébù mọ́lẹ̀ ni.

Iṣẹ́ tí àwọn irin wọ̀nyí ń ṣe

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré òde òní ni kò ní ṣáàsí ọ̀tọ̀. Ara ọkọ̀ náà ni ó gbé ara rẹ̀ ró. Jíìpù àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ṣáàsí tí a kọ́ bí àkàsọ̀: irin gígùn méjì tí ó lọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, pẹ̀lú àwọn irin ìdábùú tí ó so méjèèjì pọ̀. Orí ṣáàsí yìí ni a gbé ẹ́ńjìnnì àti gíà lé, abẹ́ rẹ̀ sì ni a so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni a wá gbé ara ọkọ̀, ìyẹn yàrá tí awakọ̀ àti èrò ń jókòó sí, lé gbogbo rẹ̀ lórí.

Yàrá náà fẹ̀ ju ṣáàsí lọ. Ìdí nìyí tí àwọn irin kúkúrú fi yọ jáde láti ẹ̀gbẹ́ ṣáàsí bí apá ènìyàn, tí wọ́n nà lọ sí abẹ́ ilẹ̀kùn, tí wọ́n sì di ilẹ̀ ọkọ̀ mú. Apá ṣáàsí ni a ó máa pè wọ́n nínú àlàyé yìí. Àwọn apá wọ̀nyí, pẹ̀lú irin ìdábùú tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ni a pa pọ̀ pè ní irin agbélẹ̀ró.

Lára Land Rover, àwọn apá tí ó wà níwájú ni ó gbé ògiri tí ó dá ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀. Ara ògiri yìí ni a so ilẹ̀kùn iwájú mọ́, òun náà ni ó sì di pẹ́dà àti ọ̀pá ìdarí mú. Lára Land Cruiser àti àwọn jíìpù mìíràn tí ó jọ ọ́, ara ọkọ̀ jókòó lórí rọ́bà nínípọn, bóòtù gígùn sì gba àárín rọ́bà náà kọjá wọ inú apá ṣáàsí. Bí apá bá jẹrà, bóòtù náà kò ní ohun tí yóò dì mú mọ́. Ọkọ̀ tí ó bá sáré bọ́ sínú kòtò nígbà náà lè mú kí yàrá èrò ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ lórí ṣáàsí. Bí ìjàm̀bá bá sì ṣẹlẹ̀, ìjókòó àti bẹ́líìtì ìjókòó tí a dè mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ náà kò ní lè di ènìyàn mú bí ó ti yẹ.

Ibi tí ìpẹtà ti ń wá

Ohun mẹ́ta ni ó ń pàdé kí irin tó dógùn-ún: irin fúnra rẹ̀, omi, àti ọ́síjìn tí ó wà nínú afẹ́fẹ́. Bí a bá mú ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìpẹtà yóò dúró. Iyọ̀ a máa mú kí iṣẹ́ náà yára. Ìpẹtà tí ó bá jáde lára irin a máa gba àyè tí ó ju ìlọ́po méjì àyè irin tí ó ti inú rẹ̀ wá lọ. Nítorí náà ni ó ṣe ń wú, tí ó ń ṣí ọ̀dà kúrò, tí ó sì ń bó bí èèpo igi. Bí èèpo kan bá ti bó, irin tuntun ti fara hàn fún omi nìyẹn, iṣẹ́ ìparun náà sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Land Rover kì í dípẹtà. Ọ̀rọ̀ yìí ní orísun. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà han aráyé ní ìlú Amsterdam ní ọdún 1948, Ogun Àgbáyé Kejì kò tí ì pẹ́ tí ó parí, irin sì ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alumíníọ́mù ni àwọn tí ó ṣe é fi bo ọ̀pọ̀ nínú ara rẹ̀. Irin gidi ni wọ́n fi ṣe ṣáàsí àti àwọn apá rẹ̀. Àwọn Land Rover tí ilé iṣẹ́ Leyland tò pọ̀ ní Ìbàdàn fún ọjà Nàìjíríà náà rí bákan náà. Ara ọkọ̀ lè wà láìní àbàwọ́n fún ogójì ọdún kí irin abẹ́ rẹ̀ sì ti tán. Yàtọ̀ sí èyí, níbi tí alumíníọ́mù bá ti fara kan irin, tí omi sì wà láàárín wọn, alumíníọ́mù náà a máa bàjẹ́. Ìyẹ̀fun funfun tí a ń rí ní ẹ̀bá bóòtù ni àmì rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ apá ṣáàsí rí. Àpótí oníhò ni ó jẹ́, inú rẹ̀ ṣófo. Ẹrẹ̀ tí táyà ń ta a máa gba ihò wọ inú rẹ̀, a sì jókòó sí ìsàlẹ̀. Ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀, òjò a máa rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá. Láàárín àkókò yìí, ilẹ̀ pupa tí ó wà nínú apá ṣáàsí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ńṣe ni ó ń di omi mú bí kànìnkànìn, tí ó sì fi í ti irin lára. Ọkọ̀ tí ó bá ń lọ sí oko, tàbí tí ó ń gba ọ̀nà ilẹ̀ ní agbègbè Kaiama àti Baruten, ni ó ń ru irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ jù lọ. Inú ni ìjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ihò bá fi hàn sí ìta, irin tí ó yí ihò náà ká ti fẹ́lẹ́ bí ewé.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní ewu tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù àti ní àríwá Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú ọ̀nà nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ náà a máa lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀, a sì bá a dé èbúté wa. Kò sí ẹni tí a lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ Toyota gbà láti san owó tí ó lè tó bílíọ̀nù 3.4 dọ́là ní Amẹ́ríkà láti parí ẹjọ́ tí àwọn tí ó ra Tacoma, Tundra àti Sequoia pè nítorí ṣáàsí tí ó ń dípẹtà kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tí kò tí ì gbó, ẹni tí ó fẹ́ ra èyí tí ó ti pé ọgbọ̀n ọdún gbọ́dọ̀ wo abẹ́ rẹ̀ kí ó tó sanwó.

Bí a ṣe ń yẹ irin wò

Kí á kọ́kọ́ fọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́ tónítóní, kí á sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì tí ó ti gan a máa bo àléébù. Lẹ́yìn èyí, kí á gbé ọkọ̀ sókè lórí ilẹ̀ líle tí ó tẹ́jú, kí á sì ti ẹsẹ̀ irin tí ó lágbára bọ abẹ́ ṣáàsí. Jáàkì nìkan kò tó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì tàbí búlọ́ọ̀kù nìkan gbé dúró. Búlọ́ọ̀kù a máa fọ́ lójijì láìkọ́kọ́ ṣe àmì.

Òòlù kékeré àti sùkúrúdíráfà ni ohun èlò àyẹ̀wò. Kí á fi òòlù gbá irin náà díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ lára ṣáàsí títí dé ìparí rẹ̀. Irin tí ó sàn a máa dún bí agogo; èyí tí ó ti jẹrà a máa dún pó bí páálí tí omi ti mu. Níbi tí ohùn bá ti yí padà, kí á fi ẹnu sùkúrúdíráfà tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá wọlé, irin kò sí níbẹ̀ mọ́, ìpẹtà ni ó kù.

Àwọn ibi tí a gbọ́dọ̀ wò dáadáa ni ìwọ̀nyí: ẹnu ibi tí apá ti so mọ́ ṣáàsí, ìparí apá níbi tí bóòtù wà, ìsàlẹ̀ apá níbi tí ẹrẹ̀ ń jókòó sí, ojú gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, àti irin ìdábùú tí ó wà lẹ́yìn pátápátá, nítorí òun ni táyà ẹ̀yìn ń ta ẹrẹ̀ sí. Kí á tún ká rọ́ọ̀gì àti fóòmù inú ọkọ̀ sókè láti wo ilẹ̀ láti òkè. Bí àyè tí ó wà láàárín ilẹ̀kùn àti férémù rẹ̀ bá fẹ̀ lókè tí ó sì há nísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ara ọkọ̀ ti rì sí apá kan.

Ìdí tí lílẹ̀ mọ́ ọn fi léwu

Nǹkan mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń fi bo ìpẹtà: pọ́tì tí àwọn tí ń kun ọkọ̀ ń lò, páànù fẹ́lẹ́ tí wọ́n jó mọ́ orí irin tí ó ti jẹrà, àti ọ̀dà dúdú nípọn tí wọ́n fi kun gbogbo abẹ́ ọkọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń dùn ún wò fún ìgbà díẹ̀. Pọ́tì kò ní agbára kankan láti gbé ẹrù. Ọ̀dà tí a fi bo ìpẹtà a máa sé omi mọ́ inú. Páànù tí a jó mọ́ irin tí ó ti jẹrà kò rí ohun tí yóò dì mú. Ojú ibi tí a jó a máa kún fún ihò wẹ́wẹ́, iná náà a sì tún jó irin tí ó kù tán. Àwọn àgbà a máa sọ nípa ẹni tí ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá. Ẹni tí ó bá fi páànù bo apá ṣáàsí tí ó jẹrà, òun ni wọ́n ń bá wí.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ìkánjú oníbàárà ni ó ń fa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi lẹ páànù mọ́ ọn, ọ̀la ni mò ń lọ.” Ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níyì yóò dáhùn pé, “Alhaji, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ fún mi. Páànù yìí lè gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ, àmọ́ mi ò lè fọkàn yín balẹ̀ pé ó máa gbé yín padà.” Ó sàn kí oníbàárà gba irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kí ó sì wá ọkọ̀ mìíràn wọ̀ lọ.

Ìmúrasílẹ̀ kí iná tó ṣẹ́

Ewu tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí ni iná. Lára ọ̀pọ̀ Land Rover àtijọ́, abẹ́ ìjókòó iwájú gan-an ni táǹkì epo wà, kò sì jìnnà sí apá ṣáàsí. Kí á tú táǹkì náà kúrò pátápátá, kí á sì gbé e jìnnà sí ibi iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé táǹkì tí a ti fa epo inú rẹ̀ tán kò léwu mọ́. Oru epo tí ó kù nínú rẹ̀ a máa gbiná ju epo fúnra rẹ̀ lọ. Kí á dí ẹnu páìpù epo, kí á sì ṣí páìpù bíréèkì àti wáyà iná kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a fẹ́ jó.

Kí á yọ wáyà méjèèjì kúrò lórí bátìrì, kí iná ẹ̀rọ ìjórin má bàa ba ọ́tánétọ̀ jẹ́. Kí á so wáyà ilẹ̀ ẹ̀rọ ìjórin mọ́ irin tí a ti ha mọ́, nítòsí ibi tí a fẹ́ jó gan-an. Kí rọ́ọ̀gì, fóòmù àti ìjókòó jáde kúrò nínú ọkọ̀. Kí ẹ̀rọ ìpaná àti garawa iyanrìn wà nítòsí, kí ẹnì kan sì dúró láti máa wo inú ọkọ̀ nígbà tí ọ̀gá bá wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí iná lè ràn lókè láìjẹ́ pé ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ rí i. Kí á tún máa wò ó fún nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí.

Ojú, ọwọ́ àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ohun tí a kò lè rà lọ́jà. Ọmọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ìbòjú ìjórin àti ìbọ̀wọ́ awọ bí ọ̀gá rẹ̀ ti ní. Kí á má ṣe fi páìpù omi tí a fi síńkì bò ṣe apá ṣáàsí láìha síńkì náà kúrò, nítorí èéfín rẹ̀ a máa fa ibà àti ìgbọ̀nrìrì fún ẹni tí ó bá fà á símú.

Gígé àti jíjó

Kí á tó gé ohunkóhun, kí á wọn ohun gbogbo. Kí á wọn gígùn apá náà, gíga rẹ̀ sí ilẹ̀, ibi tí ihò bóòtù rẹ̀ wà, àti ìwọ̀n láti igun kan sí igun kejì lára ṣáàsí. Kí á kọ ọ́ sílẹ̀. Ìrántí kì í tó. Bí apá ti ọwọ́ òsì bá ti bàjẹ́ jù, a lè fi ti ọwọ́ ọ̀tún ṣe àwòkọ́ṣe, bí òun bá ṣì sàn. Kí á fi igi tàbí irin ti ara ọkọ̀ lẹ́yìn kí ó má bàa rì nígbà tí a bá gé ohun tí ó gbé e dúró. Apá kan ṣoṣo ni kí á gé lẹ́ẹ̀kan, kí á sì parí rẹ̀ kí á tó fọwọ́ kan òmíràn. Bí a bá gé mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ohun tí yóò sọ fún wa mọ́ ibi tí ara ọkọ̀ yẹ kí ó wà.

Gíráńdà ni kí á fi gé e, kí á sì máa gé lọ títí a ó fi rí irin tí ó ń dán, tí ó sì nípọn dọ́gba. Kí á wọn ìnípọn irin tí ó sàn náà. Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù wọ̀nyí, ó máa ń wà láàárín 2mm sí 3mm. Irú ìnípọn kan náà ni kí á lò. Èyí tí ó fẹ́lẹ́ jù yóò tètè jẹrà. Èyí tí ó nípọn jù yóò mú kí ara ọkọ̀ le jù ní ojú kan, irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì sán.

Kí á fi páálí gé àwòrán irin tuntun náà kí á tó gé irin fúnra rẹ̀. Páálí kò wọ́n. Irin ni ó wọ́n. Kí á yẹra fún ìlà tí ó gé ṣáàsí lábùú tààrà, nítorí ojú ìlà bẹ́ẹ̀ ni ṣáàsí ti máa ń sán. Kí ẹnu irin tuntun dagun tàbí kí ó ṣe bí ẹnu ẹja, kí ẹrù lè pín káàkiri. Kí á fi bóòtù di apá tuntun náà mọ́ ara ọkọ̀ díẹ̀, kí á sì fi iná kan án ní ojú mẹ́rin péré. Nígbà náà ni kí á tún wọn ọ́n, kí á pa ilẹ̀kùn dé, kí á ṣí i. Bí kò bá gún, ojú mẹ́rin ni a ó tú, ọwọ́ kò sì tí ì bọ́.

Bí ó bá gún, kí á wá jó o. Fún irin tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ẹlẹ́kítíróòdù 2.5mm sàn ju 3.2mm lọ, pẹ̀lú iná tí kò pọ̀ jù. Kí á jó ìwọ̀n bí ìka ọwọ́ méjì, kí á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí á jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tutù. Ooru tí ó pọ̀ lójú kan a máa fa ṣáàsí wọ́. Kí á máṣe da omi sí i kí ó lè yára tutù, nítorí èyí a máa mú kí irin gan kí ó sì sán. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí á gbá ìdàrọ́ kúrò, kí á wo ojú iṣẹ́ náà. Bí a bá rí ihò tàbí ibi tí iná kò ti wọlé, kí á lọ̀ ọ́ kúrò kí á sì tún un jó.

Ìdáàbòbò lẹ́yìn iṣẹ́

Irin tuntun tí a kò dáàbò bò yóò tún jẹrà láàárín ọdún díẹ̀, pàápàá ní ojú ibi tí a jó, níbi tí iná ti jó ọ̀dà kúrò ní inú àti ní ìta. Kí á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú rẹ̀ mọ́, kí á kùn ún ní ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ó ń dènà ìpẹtà, kí á sì fi ọ̀dà mìíràn bò ó lẹ́ẹ̀mejì. Inú apá náà ṣe pàtàkì ju ìta lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí á fi epo ìdáàbòbò tí ó ki, tàbí gíríìsì tí a yọ́, fọ́n inú rẹ̀ láti ihò tí ó wà lára rẹ̀ lẹ́yìn tí irin bá ti tutù pátápátá. Kí á má ṣe dí ihò tí omi ń gbà jáde. Ìdí pàtàkì ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ fi dá a sí i.

Àṣà kan wà láàárín àwọn awakọ̀ láti máa fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí ó ti dúdú kun abẹ́ ọkọ̀. A kò gbani níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn èròjà tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ wà nínú irú ọ́ìlì yìí, ó ń ba rọ́bà jẹ́, ó sì ń kán sí ilẹ̀ tí òjò yóò fi gbé e wọ inú kànga. Ọ́ìlì tuntun díẹ̀ ṣe é lò ju garawa ọ́ìlì àlòkù kan lọ.

Kí á fi rọ́bà tuntun àti bóòtù tuntun sí i. Lẹ́yìn ìrìn àjò bí 500 kìlómítà, kí á padà yẹ bóòtù náà wò bóyá ó ti dẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ohun tí ó kù fún oní-ọkọ̀ rọrùn: kí ó máa fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀ àti inú apá ṣáàsí lẹ́yìn gbogbo ìrìn ẹrẹ̀, kí ó sì yẹ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà ọyẹ́. Àkókò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ni ó dára jù fún jíjó irin àti kíkun ọ̀dà.

Ìgbà tí kò yẹ kí á tún un ṣe mọ́

A lè pààrọ̀ apá ṣáàsí àti irin ìdábùú. Ọ̀rọ̀ irin gígùn méjèèjì yàtọ̀. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ ní ojú púpọ̀, pàápàá níbi tí a so sípíríìǹgì, ṣọ́kù tàbí àpótí ìdarí mọ́, ìlẹ̀mọ́ kò yẹ ibẹ̀ mọ́. Ó sàn kí á wá ṣáàsí mìíràn tí ó sàn, tàbí kí á jẹ́ kí ọkọ̀ náà sinmi kí á sì ta àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tí ó ṣì wúlò. Ọ̀gá tí ó bá sọ èyí fún oníbàárà ti pàdánù owó iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ó ti gba ẹ̀mí là.

Bí a bá pààrọ̀ ṣáàsí, nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ ti yí padà nìyẹn. Nọ́ńbà yìí wà nínú ìwé ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gé e, lọ̀ ọ́ tàbí kí ó jó irin bò ó. Kí oní-ọkọ̀ gba ìwé tí ó fi ibi tí ó ti ra ṣáàsí tuntun hàn, kí ó sì fi ìyípadà náà tó àwọn aláṣẹ tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ létí. Láìsí èyí, ọkọ̀ tí kì í ṣe ti olè lè dà bí ọkọ̀ olè lójú ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ VIO tàbí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC.

Ohun tí oníbàárà lè béèrè

Ẹni tí ó gbé ọkọ̀ wá fún àtúnṣe kò nílò láti mọ iṣẹ́ jórinjórin kí ó tó mọ iṣẹ́ tí ó dára. Kí ó bẹ ọ̀gá pé kí ó fi irin tí ó gé kúrò hàn án. Kí ó béèrè ìnípọn irin tuntun tí wọ́n fẹ́ lò. Kí ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí táǹkì epo kí iná tó ṣẹ́. Kí ó ní kí wọ́n pe òun kí wọ́n tó kun ọ̀dà, kí òun lè rí ojú ibi tí wọ́n jó. Oníṣẹ́ tí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ kì í bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ a máa dùn pé ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá mọyì ohun tí òun ń ṣe. Kí oníbàárà náà sì rántí pé iṣẹ́ tí ó gba ọjọ́ mẹ́ta kò lè jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi wákàtí kan ṣe.

Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Ìpẹtà tí a rí ní oṣù kejìlá lè má gbà ju irin kékeré kan àti iṣẹ́ òòjọ́ kan lọ. Bí a bá fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn òjò méjì, ó lè gba gbogbo apá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣáàsí fúnra rẹ̀ ni yóò kàn, ọ̀rọ̀ náà yóò sì kúrò ní ti owó. Nítorí náà, a rọ gbogbo ẹni tí ó ní jíìpù àtijọ́ kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ tí ó fọkàn tán, ní Ọ̀fà Garage tàbí níbikíbi tí ó bá sún mọ́ ọn, kí ó sì ní kí wọ́n fi òòlù kan abẹ́ rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.